Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Wọn Kò Pè

Nínú ọgọ́ta ènìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọn kò pè.

Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn gan-an ló gbé Alhaja Safiyat Akíndé jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tó fi dúró síwájú ilé ẹja Hidayah lẹ́bàá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tí omi yìnyín ń ṣàn gba abẹ́ bàtà rẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé wọn kò pè ọ́?"

"Alhaja, mo ti ní wọn ò pè mí." Hidayah ju ẹja kan sínú pàálí bí ẹni pé ẹja náà ló ṣẹ̀ ẹ́. "Wọ́n pe onílé ìtura. Wọ́n pe oníkẹ́míìsì. Abdulbasit tó ń gba ẹrù jáde ní bọ́dà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe òun. Kí ni èmi ṣe tí wọ́n fi fò mí? Ṣé ẹja kì í ṣe ọjà ni?"

Safiyat rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ó ti ṣe ọlọ́pàá fún ọdún méjìlélógún, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó fọwọ́ sí ìwé kan tó mọ̀ pé irọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ ìjọba, ó kó o fún wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ọ̀ràn bá rú lójú ní Àgbádárìgì, òun ló ń wá wá.

Ẹni tó wá a wá lọ́tẹ̀ yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Adédìran Ìgè, tó ni ilé iṣẹ́ Ohùn-Etíkun. Ìlà tẹlifóònù ló ń tà fún àwọn oníṣòwò: nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ènìyàn márùn-ún lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníbàárà kò fi ní pè kó sì gbọ́ pé ó bísí. Ṣùgbọ́n ta lèèyàn ó tà á fún? Ẹni tó ní fóònù pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. Ẹni tí fóònù ń da ọjà rẹ̀ rú lójoojúmọ́, tó sì lágbára láti ra ojútùú, òun ló ṣòroó rí. Ọmọbìnrin Ègùn kan tó ń jẹ́ Dosi ló fi ọ̀sẹ̀ méje wá irú wọn kiri, láti Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀. Ọgọ́ta orúkọ ló rí. Kí Ohùn-Etíkun tó jí lójú oorun, ilé iṣẹ́ kan ní Òjó tó ń jẹ́ Ìpè-Kíá ti pe gbogbo wọn, àfi Hidayah, láàárín ọjọ́ méjì, ó sì mọ ìṣòro oníkálukú bí ẹni pé ó bá wọn sùn, ó bá wọn jí.

Ìgè kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Dosi ló ta ìwé náà. Àwọn ọlọ́pàá gbé e lánàá. Ìgè wá pe Safiyat: "Alhaja, ẹ bá mi gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn."

Safiyat yọ ẹ̀dà ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀, èyí tí wọ́n yà fún un ní Ohùn-Etíkun lánàá, láti inú báàgì rẹ̀. "Pe nọ́ńbà rẹ kí n gbọ́."

Hidayah pè é. Ó parí rẹ̀ sí mẹ́ta, ọ̀kan, mẹ́fà.

Mẹ́ta, méje, mẹ́fà ló wà nínú ìwé. Safiyat tẹ èyí tó wà nínú ìwé sórí fóònù rẹ̀, ó gbé e sétí.

"Ta nìyẹn?" Ohùn bàbá arúgbó kan ló sán bí àrá.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ẹja nìyí?"

"Ilé ẹja! Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí! Olùkọ́ àgbà Sàláwù nìyí, ní Ajara. Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìṣirò, ẹ wá fẹ́ fi ẹja lé mi dé sàréè! Mi ò ta ẹja, mi ò sin ẹja!"

"Ẹ forí jì mí, bàbá. Ta ló kọ́kọ́ pè yín?"

"Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan. Ìyẹn tiẹ̀ bẹ̀ mí. Lọ́jọ́rú, ọmọkùnrin kan láti Òjó. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn oníbàárà mi kì í rí mi bá sọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ẹja bá ti dé láàárọ̀. Mo ní kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀!" Ó pa fóònù mọ́ ọn létí.

Hidayah ń wò ó. "Kí lẹ rí?"

"Wọn kò fò ọ́," ni Safiyat wí. "Wọ́n pè ọ́. Wọ́n kàn ṣi ọ̀nà ni. Ibi tí olè bá sì ti ṣi ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń hàn nílẹ̀."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́níyì dìde nígbà tó rí i. Abẹ́ Safiyat ló ti kọ́ iṣẹ́ nígbà kan.

"Ọ̀gá wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ sí ọmọ yẹn létí. A ti kọ sítétímẹ́ǹtì tán, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i."

"Ta ló kọ ọ́?"

Ọmọ́níyì wo ilẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

"Ìyẹn ni pé Ìgè ni kó fọwọ́ sí i."

Orí bẹ́ǹṣì ni Dosi wà. Ó káwọ́ mọ́yà, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Kò dìde.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ wá kí n lè fọwọ́ sí i ni, mà, ẹ padà."

"Mi ò tíì kí ọ."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ padà."

Safiyat jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. "Wọ́n ní wọ́n rí ọ pẹ̀lú ọmọ Ìpè-Kíá kan ní Sẹ̀mẹ̀."

"Òótọ́ ni."

Ọmọ́níyì gbé ojú sókè wéré. Látàná, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ 'òótọ́ ni' lẹ́nu rẹ̀.

"Ùsmán lorúkọ rẹ̀," ni Dosi ń bá a lọ. "Mo ń jẹun, ó wá jókòó síwájú mi. Ó ní kí n mú ìwé mi wá, òun á bá mi wá iṣẹ́ tó ju èyí lọ ní Òjó. Mo ní éò." Bí àwọn Ègùn ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn gbà. "Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi. Ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọ̀gá Akínlóyè, mo fún un ní nọ́ńbà náà."

Akínlóyè ni ọ̀gá àwọn tó ń polówó ọjà ní Ohùn-Etíkun, àbúrò ìyàwó Ìgè sì ni.

"Báwo lo ṣe rí ọgọ́ta orúkọ yìí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọmọbìnrin náà tàn díẹ̀. "Mo máa ń pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó wọn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí ọjà bá gbóná. Tó bá bísí lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa lọ bá wọn. Màá jókòó síbẹ̀, màá ka iye ìpè tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín wákàtí kan. Tí mo bá ní kí n bá ẹni tó ń pàṣẹ sọ̀rọ̀, n kì í gbà kí wọ́n ní kí n bá ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Tọ́mọ aráyé bá rò pé ojú lásán lèèyàn fi ń rí oníbàárà, ẹ ní kí wọ́n wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi."

Ìwé àjákọ rẹ̀ wà lórí tábìlì Ọmọ́níyì, wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn bí ẹrù ẹjọ́. Safiyat ṣí i dé ibi tí orúkọ Hidayah wà. Ó fi ìka sórí nọ́ńbà kan.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀kan."

"Méje ni mo rí."

"Ọ̀kan ni mà." Dosi na ọrùn. "Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà, ni mo ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀kan níbẹ̀ nìyẹn, orí rẹ̀ máa ń fà wálẹ̀ gan-an. Ẹ wo méje mi." Ó nawọ́ sí òmíràn. "Mo máa ń fa ilà kọjá láàárín rẹ̀ ni."

Safiyat pa ìwé náà dé. Ó yí sí Ọmọ́níyì.

"Ìwọ náà wò ó. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀kan ni. Tó bá jẹ́ òun ló kà á fún Ìpè-Kíá, ọ̀kan ni ì bá pè é. Ṣùgbọ́n méje ni wọ́n tẹ̀ lórí fóònù wọn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ló sọ ọ̀kan di méje. Nítorí náà, ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde ni wọ́n tà. Dosi, ṣé wọ́n fún ọ ní ẹ̀dà rẹ̀?"

"Éò. Ọ̀gá Akínlóyè ní kò kàn mí."

"Ó lè ní ọ̀rẹ́ nínú ọ́fíìsì," ni Ọmọ́níyì wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n lọ wo ọ́fíìsì náà. Ìwọ má jẹ́ kó fọwọ́ sí ohunkóhun."

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ sí i?" ni Dosi dá a lóhùn.

*

Kí Safiyat tó dé Ohùn-Etíkun, ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Olúwatóyìn, akọ̀wé tó tẹ ìwé náà. Ó ti gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń bá Ìpè-Kíá ṣiṣẹ́. Ta ló tún lè rọ̀ lọ́rùn láti ta á jù ú lọ?

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

Olúwatóyìn gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Dírẹ́bà ló ń ṣe fún wọn, mà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti kúrò. Kótónù ló wà báyìí."

"Ẹ̀dà mélòó lo tẹ̀ jáde?"

"Méjì. Ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún Ọ̀gá Akínlóyè. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá."

"Nọ́ńbà onílé ẹja kò tọ́."

Safiyat ń retí kí ojú rẹ̀ yí padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀.

"Mo mọ̀, mà! Lọ́jọ́ Ajé ni mo pe nọ́ńbà yẹn, mo fẹ́ bá ọ̀gá ṣètò ìpàdé. Bàbá kan bú mi títí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lórí fóònù. Mo bi Dosi, ó ní ọ̀kan ni, kì í ṣe méje. Mo tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Mo fi bírò pupa tún ti ọ̀gá náà ṣe."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ìwé Ìgè wá. Bírò pupa wà lórí rẹ̀.

Safiyat fi ojú inú tò ó. Lọ́jọ́ Ajé ni Olúwatóyìn ti mọ̀ pé méje yẹn kò tọ́. Lọ́jọ́rú ni Ìpè-Kíá pè é. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà kì í mọ̀ọ́mọ̀ kó èyí tó ti bàjẹ́ fún oníbàárà rẹ̀. Dosi náà ti mọ̀. Ìwé Ìgè ti di títúnṣe. Nínú gbogbo ilé náà, ó ku ibì kan ṣoṣo tí àṣìṣe yẹn ṣì lè wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ní láti ti ya ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ òun.

"Ti Akínlóyè ńkọ́? Ṣé o tún un ṣe?"

"Ó wà ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mà. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kó mú un wá kí n bá a tún un ṣe. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹja da òun láàmú."

*

Ìgè wà lẹ́yìn tábìlì ńlá rẹ̀. Akínlóyè wọlé pẹ̀lú òórùn dídùn lára àti ẹ̀rín lẹ́nu.

"Alhaja! Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ẹ̀dà ìwé yín."

Ó yọ ọ́ nínú àpò ìwé rẹ̀ láìṣiyèméjì. Mẹ́ta, méje, mẹ́fà. Ó mọ́ tónítóní, bírò kankan kò kàn án. Safiyat tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìgè, ó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, láti orí Hidayah dé orí olùkọ́ àgbà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lẹ́nu Akínlóyè díẹ̀díẹ̀.

"Ìwé mi máa ń wà lórí tábìlì," ni ó wí. "Ẹnikẹ́ni lè wọlé yà á ní fọ́tò."

"Ó ṣeé ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Ìgè, ta lẹ ní yóò máa darí iṣẹ́ Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀?"

Ìgè yí díẹ̀ lórí àga. "Dosi ni. Ìwé yẹn wú mi lórí."

"Ta ló wà nípò náà báyìí?"

Ìgè nawọ́ sí Akínlóyè. Safiyat yí sí Akínlóyè.

"Ṣé ẹ mọ Ùsmán, ọmọ Ìpè-Kíá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi."

"Dosi ní òun fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀."

"Irọ́ ló ń pa! Ọmọ Ègùn wo..."

"Ó dáa." Safiyat yọ bébà kékeré kan tó ti da nọ́ńbà náà kọ láti ẹ̀yìn ìwé Dosi. "Ẹ fi fóònù tiyín pè é báyìí, ẹ tẹ sípíkà. Tí kò bá mọ̀ yín, á ní 'Ta nìyẹn?' Màá tọrọ àforíjì, màá sì gba ilé mi lọ."

Akínlóyè di fóònù rẹ̀ mú.

"Pè é, Akin," ni Ìgè wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa jẹ́ kí obìnrin yìí wá máa..."

Ìgè na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tẹ nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, orúkọ kan ti yọ lójú fóònù: *Fọkanáísà Sẹ̀mẹ̀*. Ọwọ́ Ìgè dúró díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ parí. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀dá Akin!" Ohùn ọmọkùnrin kan kún yàrá náà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ àná o. Ọ̀gá mi ń béèrè orúkọ apá Òjó tí ẹ ṣèlérí. Ẹ sì bá wa yẹ ti onílé ẹja yẹn wò. Bàbá kan ló gbé e, ó ní kí n lọ bá ìyá mi sọ̀rọ̀!"

Ìgè pa fóònù náà. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n ara Akínlóyè tutù.

*

"Bọ́ síta," ni Ìgè sọ fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn tì, ó fi aṣọ nu ojú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Alhaja, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí ti wọ̀ ọ́ báyìí. Tí mo bá fa Akin lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ilé mi á tú. Ẹ gbọ́ mi. Kí ọmọ Ègùn yẹn kàn fọwọ́ sí i. Màá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lónìí, kò ní sí ẹjọ́, màá sì bá a wá nǹkan ṣe. Gbogbo rẹ̀ á tán nílẹ̀."

"Ọmọ Ègùn yẹn ní orúkọ."

"Mo mọ̀. Dosi. Alhaja, èmi ni mo pè yín síṣẹ́ yìí."

"Ẹ pè mí kí n wá olè. Mo ti wá a rí. Ẹ kò pè mí kí n bá yín pààrọ̀ rẹ̀."

Ojú Ìgè le. "Gbogbo oníṣòwò ìlú yìí ni mo mọ̀. Tí mo bá la ẹnu, ẹ kò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́ láti ibí dé Òjó."

Safiyat dìde. Ó tún ìborí rẹ̀ ṣe pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan.

"Ẹ là á dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Ìgè. Kí ẹ sọ fún wọn pé Safiyat Akíndé kọ̀ láti purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ìyẹn bá lé sá, kó máa lọ, oníbàárà mi kọ́ nìyẹn." Ó mú fóònù rẹ̀ lójú Ìgè, ó pe Ọmọ́níyì. "Máa bọ̀ ní Ohùn-Etíkun. Olè rẹ wà ní pálọ̀, mo ti ní kí Olúwatóyìn jókòó síwájú ilẹ̀kùn."

*

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Akínlóyè ti wà lẹ́yìn káńtà àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń kọ sítétímẹ́ǹtì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgè wà níwájú káńtà, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ́níyì ṣí ìwé ńlá àgọ́ náà, ó kọ ìlà kan, ó ní, "Dosi, ó ti tán. Máa lọ sílé."

Dosi kò dìde. "Kí lẹ kọ?"

"Mo kọ pé ẹ ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara yín."

"Éò." Ó káwọ́ mọ́yà. "Èmi pẹ̀lú ta ló ní ọ̀rọ̀ láàárín? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní mo jalè. Ṣé mo jí nǹkan ni, àbí mi ò jí nǹkan?"

"O ò jí nǹkan kan," ni Ọmọ́níyì wí.

"Ẹ kọ ìyẹn."

Ìgè bọ́ síwájú. "Ọmọ mi, má bínú. Ipò yẹn ṣì wà níbẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ Ajé..."

"Ẹ dákẹ́ ná, ọ̀gá. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì yìí látàná, ta ló pè mí lọ́mọ?" Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kàn dúró gbọin. "Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ọgọ́ta yẹn mọ ojú mi. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tó ti lè rí mi. Ìnsípẹ́kítọ̀, mo ń retí yín."

Ọmọ́níyì wo Safiyat, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Safiyat lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dosi lórí bẹ́ǹṣì, ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Èmi náà ò níbi tí mò ń lọ," ni ó wí.

Níkẹyìn, Ọmọ́níyì fa ilà kọjá lórí ohun tó ti kọ, ó kọ òmíràn pé Dosi kò jí nǹkan kan. Dosi ní kó kà á sókè. Ó kà á. Dosi ní kò dún tó, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní kó da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí bébà kan fún òun, kó sì lu òǹtẹ̀ àgọ́ lé e.

Etí omi ni wọ́n ti mú Dosi lánàá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Gberefu ti ń gbé èrò, lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló padà sí. Safiyat sìn ín dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn èrò ti jókòó, àwọn obìnrin pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àgbọn, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n rí Dosi, obìnrin kan yí ojú sí omi.

Ẹlẹ́ńjìnnì fẹ́ fa okùn. Dosi ní kó dúró. Kò jókòó. Ó ya ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa gbé e ṣubú, ó tú bébà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún wọn ní èdè Ègùn, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, láti orí orúkọ rẹ̀ títí dé orí òǹtẹ̀. Safiyat kò gbọ́ Ègùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i tí obìnrin tó wo omi yí ojú padà, tó sún, tó sì gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

Dosi kà á tán kó tó jókòó.